Ọmọ Ọwọ́ Nídìí Odó

Nílùú Ara, lágbègbè Èjìgbò, etí ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣu tuntun ti dé. Kí èèyàn tó rí i lọ́jà ni ìró odó á ti máa ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún kan mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ọ̀kan nínú àwọn agboolé yẹn. Ìyàwó ilé méjì kojú sí odó kan. Bí ọmọ odó tẹni yìí ti ń lọ sílẹ̀ ni tẹnì kejì ń gòkè, wọn ò sì gbá ara wọn lẹ́ẹ̀kan. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, wọ́n gbé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án lé itan, wọ́n ń fi ṣíbí fún un lógì. Ògì ọ̀hún ṣàn débi pé ó ń kán tótó láti ẹnu ṣíbí. Ọmọ mu abọ́ kan tán, ikùn rẹ̀ yọ síta, ó le dandan. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ ò kúrò lára odó. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá fọwọ́ yí iyán padà, á na ọwọ́ méjèèjì, á ké.

“Ẹ má dá a lóhùn,” ni ìyá àgbà wí. “Ó ti yó. Ọ̀kánjúwà ló ń ṣe é.”

Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbé inú mi. Ọ̀kánjúwà ò ṣe ọmọ náà rárá. Omi ló kún inú rẹ̀, ebi sì wà nísàlẹ̀ omi yẹn. Mo gbà tọkàntọkàn pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn ò tó ọjọ́ orí wọn nílẹ̀ wa, ilé tí oúnjẹ wà ni wọ́n ti ń rù. Ohun tó yẹ kó dé abọ́ wọn wà lórí ààrò kan náà, àgbà nìkan ni wọ́n ń bù ú fún.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ikùn ọmọ ṣe tóbi tó. Fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n, ikùn rẹ̀ lè gba nǹkan bí 30 gíráàmù oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tó wọn kílò 8 ò lè gbà ju nǹkan bí 240 gíráàmù lọ, ìyẹn bíi kọ́ọ̀bù tíì kan. Ọmú ìyá ṣì ń ṣe iṣẹ́ ńlá fún un lọ́jọ́ orí yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kó máa mu ún pẹ̀lú oúnjẹ títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án, nǹkan bí kálórì 300 lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ti inú oúnjẹ wá. Ògì tó ṣàn bí èyí tí mo rí yẹn, kálórì inú 100 gíráàmù rẹ̀ lè má ju 30 sí 40 lọ. Kí ọmọ tó rí 300 nínú rẹ̀, yóò mu tó 750 gíráàmù ó kéré tán. Ikùn mẹ́ta nìyẹn, kí gbogbo rẹ̀ kún bámúbámú, a ò tíì ka ọmú. Àyè wo ló wà? Ọmọ á mu ìwọ̀n tó bá gbà, á kọ ọmú nítorí pé inú rẹ̀ ti kún, á sùn. Bó bá di òru, á bẹ̀rẹ̀ ẹkún, wọ́n á ní eyín ló ń yọ.

Iṣu sísè ń kọ́? 100 gíráàmù rẹ̀ ní kálórì bíi 116. Ṣíbí tíì kan epo pupa ní bíi 40, ó sì lé ní gbogbo ohun tó wà nínú ìlàjì abọ́ ògì ṣíṣàn kékeré kan. Èyí ni ọwọ́ ọmọ yẹn ń nà sí nídìí odó.

Mi ò bá ògì jà o. Ògì ló tọ́ èmi náà dàgbà, ọgbọ́n ńlá ló sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni àgbàdo fi ń rẹ nínú omi kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n jẹ́ kó silẹ̀ kó sì kan. Nínú omi yẹn ni àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn tí ojú ò lè rí ti ń ṣiṣẹ́, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lactobacillus. Wọ́n ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di ásíìdì. Ásíìdì yẹn ló jẹ́ kí ògì kan, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ráyè gbé inú rẹ̀. Àwọn ìyá ìyá wa ò ní ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú, síbẹ̀ wọ́n ṣe oúnjẹ tó ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ibi tí àdánù ti wọlé ni asẹ́. Èèpo àti ọkàn hóró àgbàdo, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀rá, èròjà amúaradàgbà àti irin wà, bá èérí lọ sọ́dọ̀ ẹran. Òmíràn tún bá omi orí ògì lọ nígbà tí a dà á nù. Sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù. Àgbà tó bá fi àkàrà mu ògì ti dá ohun tí asẹ́ mú lọ padà. Ọmọ ọwọ́ tó mu tirẹ̀ lásán ni ìyà jẹ.

Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àwárí àná. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níhìn-ín ni wọ́n ti fi ojú rí i kedere. Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild Hospital n'Íléṣà láti 1956 títí di 1961. Kò dúró de àwọn aláìsàn níbẹ̀ nìkan. Ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí wọ́n ti parí ogun Kírìjì lọ́dún 1886, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí wọn. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n léraléra, wọ́n ń fi àmì ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sórí káàdì. Ìlà méjì tó tẹ̀ gòkè ló wà lórí káàdì náà, àárín wọn ni ọ̀nà ìlera. Bí àmì ọmọ bá ń gun ọ̀nà yẹn lọ, ara rẹ̀ le. Bó bá tẹ́, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ti ń bọ̀, bí ọmọ náà bá tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ọsibítù kọ́ ló ń pa káàdì mọ́. Ìyá ló ń fi í sínú ọ̀rá, tó ń gbé e lọ sílé. Láti àwọn ìlú òkè yìí ni káàdì náà ti tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òun sì ni baba káàdì tí wọ́n ń fún ìyá ọmọ lónìí nígbà tó bá lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Ohun tí ìlà yẹn fi hàn ò ṣòroó kà. Fún bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmọ tó ń mu ọmú ìyá ń gun òkè bí ọmọ tó jẹun kánú níbikíbi láyé. Lẹ́yìn náà ni ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́.

Ìlà ọmọ mi àkọ́bí náà tẹ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹjọ, ìkẹsàn-án, ìkẹwàá: ojú kan náà. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan wo káàdì, ó wo mi, ó ní, “Kí ló ń jẹ?” Mo ní ògì ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Ó ní, “Kí ló wà nínú ògì náà?” Mo dákẹ́. N kò tíì rò ó rí pé ó yẹ kí nǹkan wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo gbọ̀n ẹ̀wà sínú àwo, mo jókòó, mo ń ṣà á, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ẹ̀wà ń bẹ nínú ilé láti ọjọ́ yìí wá.

Nílẹ̀ Ghana, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ti rí ẹ̀yìn irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú. Lọ́dún 1933 ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí awọ ara wọn ń bó, oúnjẹ àgbàdo lásán ni wọ́n sì ń jẹ. Nígbà tó di 1935, ó lo orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, àìsàn tó ń ṣe ọmọ tí àbúrò rẹ̀ bá gba ipò rẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ yẹn ti jinlẹ̀ tó. Wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí oyún tuntun, ohun tí wọ́n sì fi rọ́pò ọmú ò lè ṣe iṣẹ́ ọmú.

Àsìkò ọdún náà tún ní ọwọ́ nínú bí ọmọ ṣe ń rù. Ó lé ní ìdajì iṣu gbogbo àgbáyé tó ń ti ilẹ̀ Nàìjíríà jáde, síbẹ̀ láti ìparí oṣù Èbìbí wọ inú Agẹmọ, ó ṣòro kí tálákà agbègbè Èjìgbò tó rí iṣu ra. Ti èṣí ti tán nínú ọ̀bà, tuntun ò tíì tó wà. Àwọn bàbá wa ti fi gbodo gba ara wọn là lọ́wọ́ ìgbà yẹn. Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀ nínú omi tó gbóná tí kò hó, tí wọ́n fi sílẹ̀ mọ́jú, tí wọ́n sì sá nígbà ọyẹ́, òun ló ń di èlùbọ́, òun ló ń dúró títí òjò á fi dé. Bí ẹ bá bi mí, àmàlà ni oúnjẹ tó gbọ́n jù lọ nínú gbogbo oúnjẹ ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àsìkò òjò kan náà ni ẹ̀fọn ń pọ̀, tí ibà ń mú ọmọ, tí kànga ń dọ̀tí, tí ìyá sì ń ti oko dé lálẹ́ nígbà tí ọmọ ti sùn. Ọmọ tí ibà ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan máa ń fò sẹ́yìn. Bí ara rẹ̀ bá ti yá ló yẹ kí wọ́n fi oúnjẹ kan kún iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, títí yóò fi bá ọ̀nà rẹ̀. Ògì ṣíṣàn ni wọ́n sì sáábà ń fún un nígbà náà, torí pé ó rọrùn láti gbé mì.

Ọdún wá dé. Ní Èjìgbò, Òòṣà Ògìyán ló ni ọdún iṣu. Orúkọ òòṣà náà, tó tún jẹ́ oyè ọba ìlú, ni ọ̀pọ̀ gbà pé inú iyán jíjẹ ló ti wá. Ìdajì ìlú á fi àtòrì na ìdajì kejì, ẹ̀rín á sì gba ìgboro. Àwọn ẹrú Yorùbá gbé òòṣà yìí dé Brazil, wọ́n ń pè é ní Oxaguiã níbẹ̀, iyán náà ni wọ́n ṣì fi ń bọ ọ́. Àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń gbé Àbíjàn á wálé, àwọn ọmọ wọn á máa sọ Faransé fún ìyá wọn àgbà, òun náà á máa fi Yorùbá dá wọn lóhùn, wọ́n á sì gbọ́ ara wọn yé. Wọ́n tún ń gbé attiéké wá, ẹ̀gẹ́ kíkan tí wọ́n rin, tí wọ́n sì fi ooru omi sè, tó ń tú hóró hóró lẹ́nu. Ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ náà ni. Ohun tí ògì ò ní, òun náà ò ní in.

Ẹran ń bẹ nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó kù nínú ọdún lọ. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń pín in. Bàbá gba tirẹ̀, àlejò gba tirẹ̀, àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ gba egungun láti máa fà. Ọmọ ọwọ́ gba omi ọbẹ̀, bó bá rí i gbà. Ẹyin ń kọ́? Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin yóò jalè lọ́la. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá: ilé tí adìẹ mẹ́ta wà, tí ọmọ mẹ́jọ wà, ó ní láti wá ọ̀nà tí ẹyin á fi di òròmọdìẹ. Ṣùgbọ́n irin tí ọmọ gbé wáyé láti inú ìyá rẹ̀ ti ń tán bó bá ti ń pé oṣù mẹ́fà, èyí tó wà nínú ọmú sì kéré. Láti ìgbà yẹn, ara ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja àti ẹ̀wà ló ti ń rí i. Ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́dún yẹn bí kò ṣe ní í dàgbà mọ́ láyé rẹ̀, irin sì wà lára ohun tó fi ń kọ́lé. Ẹ̀dọ̀ tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ, tí a fi ọwọ́ tẹ̀ títí tó fi rọ̀, ṣe ọmọ oṣù mẹ́jọ ní oore tí odindi ìkòkò ògì ò lè ṣe.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwa Yorùbá ti mọ oúnjẹ ọmọdé tẹ́lẹ̀. Ẹ wo sàárà ìbejì. Ilẹ̀ wa wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù láyé; Dókítà Percy Nylander rí i n'Ígbó-Ọrà pé ó tó bí ìbejì 45 nínú ìbímọ 1,000. Bí ìyá ìbejì bá fẹ́ ṣe sàárà, kì í ṣe iyán ló ń gún. Ẹ̀wà ló ń sè, á rọ̀ dáadáa, á da epo pupa sí i títí á fi pọ́n, àwọn ọmọ àdúgbò á sì kó abọ́ wọn wá. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní lysine ò tó nínú àgbàdo, ẹ̀wà sì ní in lọ́pọ̀. Ẹ̀wà ò fi bẹ́ẹ̀ ní methionine, àgbàdo ní in. Bí méjèèjì bá pàdé nínú abọ́ kan, èròjà amúaradàgbà wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹran. Epo pupa ń mú ohun tí ara ń sọ di fítámì A wá, èyí tó ń ṣọ́ ojú ọmọ tó sì ń bá a bá àrùn jà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí FIIRO n'Óṣòdì tẹ̀ lé ọ̀nà yìí nígbà tí wọ́n po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, tí wọ́n pè é ní soy-ogi. Ìyá tí kò rí sóyà lè fi ẹ̀wà funfun tàbí ẹ̀wà olóyin ṣe é. Kó rẹ ẹ́, kó bó èèpo rẹ̀, kó lọ̀ ọ́ kúnná, kó sè é jinná dáadáa kó tó po ó mọ́ ògì. Ẹ̀wà tí kò jinná ló ń fún ọmọ nínú, àbùkù náà ò sí lára ẹ̀wà.

Ìṣòro kan ṣì kù. Bí ògì bá ki tó kálórì inú rẹ̀ fi pọ̀, ọmọ kékeré ò lè gbé e mì. Bí a bá bomi là á, ó di omi. Àwọn tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti rí ojútùú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, bí wọn ò tilẹ̀ rò ó kan ọmọ. Sítáàṣì dà bí ẹ̀wọ̀n gígùn. Bó bá gbóná nínú omi, ẹ̀wọ̀n náà á wú, á lọ́ mọ́ ara wọn, ìkòkò á ki. (Nínú odó náà, ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ iṣu di iyán: ọmọ odó fọ́ ilé sítáàṣì, ẹ̀wọ̀n wọn so kọ́ra, iyán ń fà.) Hóró àgbàdo tó bá hù máa ń pèsè nǹkan tí wọ́n ń pè ní amylase, tó ń gé ẹ̀wọ̀n náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ọ̀dọ́ ewéko lè rí ṣúgà jẹ. Rẹ àgbàdo mọ́jú, fi aṣọ tútù bò ó fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi hù, já ẹ̀hù àti gbòǹgbò rẹ̀ dà nù, sá a gbẹ, kí o lọ̀ ọ́. Ṣíbí tíì kan ìyẹ̀fun yìí nínú ìkòkò ògì tó ki, tó gbóná tí kò hó, á sọ ọ́ di ṣíṣàn lójú rẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìfi ẹ̀kán omi kan kún un. Kí o wá dá a padà sórí iná kó hó dáadáa, torí pé ìyẹ̀fun náà lè ní ìdọ̀tí. Bó bá jẹ́ ọkà bàbà lo lò, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀hù rẹ̀ wọ inú rẹ̀ rárá, oró wà nínú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba rírọ ọmọ. Ẹ ti rí i: wọ́n á dá ọmọ sílẹ̀ lórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ife sí ẹnu rẹ̀, wọ́n á da ògì sí i, wọ́n á sì di imú rẹ̀ kó lè gbé e mì. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń ké ń mí sínú, ohun tó yẹ kó lọ sí ikùn lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Mo bẹ yín, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ gbé ọmọ jókòó, ẹ fi ṣíbí fún un, bó bá yí ojú kúrò, ẹ dúró dè é. Láti oṣù mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta lóòjọ́. Bó bá di oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin, kí nǹkan ìpanu bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀ sì wà láàárín. Fídà ṣòroó fọ̀, ife àti ṣíbí dára jù ú lọ. Ẹ fọ ọwọ́ tiyín àti ti ọmọ, torí pé ọmọ ń bá yín fọwọ́ jẹ ẹ́.

Ní ẹ̀yìnkùlé ọjọ́ yẹn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Màámá, ṣé ẹ lè jẹ́ ká tọ́ díẹ̀ sí i lẹ́nu?” Wọ́n wò mí. Wọ́n ní iyán á pá ọmọ lórí. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Òkèlè àgbà lè pa ọmọ ọwọ́. Ìyàwó kékeré ti gbọ́. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó lọ síbi ìkòkò gbẹ̀gìrì, ó bu díẹ̀ sínú abọ́ kó tó da ata sí ìyókù. Ó já iyán tí kò ju ẹ̀pà méjì lọ, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí lọ̀ ọ́ mọ́ gbẹ̀gìrì náà títí kò fi ní kókó mọ́, ó kán epo sí i, ó yọ ara ẹja kan, ó fọwọ́ tú u lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀gún. Ó wá gbé abọ́ lé ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì padà sídìí odó.

Ìyá àgbà kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ṣíbí lọ sẹ́nu ọmọ. Ẹkún dá. Ó ya ẹnu kí ṣíbí kejì tó gòkè, ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú, gbẹ̀gìrì sì kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí dé etí.